Bí Ìkòròdú ṣe ń rí tábìlì Ẹ̀pẹ́: mímú àpèjúwe tábìlì wọlé láti orí sáfà òkèèrè

Ohun tí mo sọ nínú ètò ọ̀sẹ̀ yìí ni mo kọ sílẹ̀ síbí. Mo fi àwọn àṣẹ tí mo mẹ́nu bà kún un, torí kò sí ẹni tí wọ́n máa ka kóòdù sí létí tó máa mọ ibi tí àmì ìdánudúró wà. Ẹ jókòó dáadáa. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹja ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Àǹtí mi kan ń ta ẹja. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní Ìkòròdú, kóòdù rúùmù wọn wà ní Ẹ̀pẹ́. Ẹni tó bá ti dé ọjà Olúwo rí kò ní béèrè ìdí tó fi jẹ́ Ẹ̀pẹ́. Ibẹ̀ ni ẹja ti ń wọlé, Ìkòròdú ni oníbàárà ti ń sanwó, ọ̀nà Ìtòìkín ló sì wà láàárín. Ibi méjèèjì ní kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan sì ní dátábéèsì PostgreSQL tirẹ̀. Ọmọkùnrin tó kọ sọ́fúwíà náà fún wọn ti jápa, ó kù kí wọ́n máa pè é lórí WhatsApp.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: lálaalẹ́, bùọ̀dá tó ń tọ́jú kóòdù rúùmù á yọ àkọsílẹ̀ jáde sínú fáìlì, á fi ránṣẹ́ sí Ìkòròdú, ọmọbìnrin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù á sì kó o sínú kọ̀ǹpútà tibẹ̀. Ní Sátidé kan, alásè kan wá sanwó 40 páálí fún òde ìgbéyàwó. Kọ̀ǹpútà Ìkòròdú ní 40 wà, ó tiẹ̀ ní ó lé. Ìgbà tí dírẹ́bà alásè dé Ẹ̀pẹ́, páálí 13 ló bá. Ẹ rò ó wò: 27 páálí ti dàwátì, alásè ń pariwo lórí fóònù, òde sì kù ọjọ́ kan.

Àǹtí pe bùọ̀dá náà. "Níbo lo kó ẹja mi sí?" Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, Ọjọ́bọ̀ ni mo tà á, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀." Wọn ò gbà á gbọ́. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fa á lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n tó ní kí n wá wo kọ̀ǹpútà, nítorí pé nínú ẹbí wa, ẹni tó bá ti ń gé ohùn àti fídíò, wọ́n gbà pé ó mọ gbogbo kọ̀ǹpútà.

Mo wo ti Ẹ̀pẹ́. Òótọ́ ni bùọ̀dá sọ: ó ti kọ ọ́ sílẹ̀, tọjọ́ tàkókò, owó sì pé. Mo wo ti Ìkòròdú. Fáìlì tó wọlé kẹ́yìn, ti Ọjọ́rú ni. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa láti Ọjọ́bọ̀, fáìlì ò lọ, kò sì sí ẹni tó fura. Bùọ̀dá ò jalè. Àwa là ń fi ìwé ijẹta dá ẹjọ́ tòní.

Ẹ̀dà yàtọ̀ sí fèrèsé

Ohun tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀, ẹ̀dà ni wọ́n ń ṣe. Ẹ̀dà dáa, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú tí ẹ bá ti ṣe é tán ló ti ń di àtijọ́. Ohun tí Àǹtí nílò ni fèrèsé: kí Ìkòròdú lè yọjú wo kóòdù rúùmù Ẹ̀pẹ́ bó ṣe rí nísinsìnyí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi fáìlì ránṣẹ́.

PostgreSQL ní irú fèrèsé bẹ́ẹ̀, tábìlì òkèèrè ni mo máa pè é. Ẹ máa rí i nínú dátábéèsì Ìkòròdú, ó ní orúkọ, ó ní kọ́lọ́ọ̀mù, ẹ lè bi í ní ìbéèrè bí ẹ ṣe ń bi tábìlì yòókù. Ṣùgbọ́n kò sí ìlà kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Nígbàkigbà tí ẹ bá bi í ní nǹkan, Ìkòròdú á gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ bi Ẹ̀pẹ́, Ẹ̀pẹ́ á dáhùn, ìdáhùn náà lẹ ó sì rí.

Àmọ́ kí Ìkòròdú tó lè bi Ẹ̀pẹ́ ní ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ àpèjúwe tábìlì ti wọlé nìyẹn. Tábìlì kọ̀ọ̀kan ní ohun méjì. Èkíní ni àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀: àrọ̀, páálí 12, ọ̀bọ̀kún, páálí 7. Èkejì ni àpèjúwe: pé tábìlì yìí ń jẹ́ `eja`, pé kọ́lọ́ọ̀mù kan ń jẹ́ `oruko`, ọ̀rọ̀ ló ń gbà, òmíràn ń jẹ́ `paali`, nọ́ńbà ló ń gbà, òmíràn ń jẹ́ `ojo`, déètì ló ń gbà. Tí a bá ní a fẹ́ mú àpèjúwe tábìlì wọlé, èkejì yìí nìkan là ń mú. Ẹja ò kúrò ní Ẹ̀pẹ́ o. Àkọlé ara páálí la kà.

Kí ló dé tí a ò fi ọwọ́ kọ ọ́?

Ẹ lè fi ọwọ́ kọ ọ́. Àṣẹ `CREATE FOREIGN TABLE` wà fún un: ẹ ó to orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù àti irú ohun tó ń gbà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tábìlì kan, kò burú. Ṣùgbọ́n sọ́fúwíà Àǹtí ní tábìlì 31. Ẹni tó bá fọwọ́ kọ 31, ó dájú pé yóò ṣi ọ̀kan kọ, tó bá sì ṣi orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù kan kọ, ìbéèrè á kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ irú rẹ̀ ló ṣì, tó kọ nọ́ńbà síbi tó yẹ kó jẹ́ ọ̀rọ̀, ó lè ṣiṣẹ́ lónìí kó bà jẹ́ lọ́la.

Ìdí nìyẹn tí àṣẹ kan fi wà tó ń jẹ́ `IMPORT FOREIGN SCHEMA`. Ẹ ó sọ fún un pé: lọ sí Ẹ̀pẹ́, wo àwọn tábìlì tó wà níbẹ̀, kí o sì ṣe irú wọn síbí fún mi. Òun fúnra rẹ̀ á ka àpèjúwe, òun á sì kọ ọ́.

Ìtàn rẹ̀ ní ṣókí. Michael Stonebraker àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ POSTGRES ní Yunifásítì California ní Berkeley, ní 1986. Ní 1996 ló di PostgreSQL. Apá kan wọ inú ìlànà àgbáyé fún SQL tí wọ́n ń pè ní SQL/MED, tó sọ bí dátábéèsì kan ṣe lè wo ohun tó wà lóde ara rẹ̀. PostgreSQL gba ìlànà yẹn díẹ̀díẹ̀: `postgres_fdw`, tó ń so PostgreSQL kan mọ́ òmíràn, dé pẹ̀lú ẹ̀dà 9.3 ní 2013. `IMPORT FOREIGN SCHEMA` dé pẹ̀lú ẹ̀dà 9.5 ní oṣù kìíní 2016. Tí PostgreSQL yín bá ti pẹ́ ju 9.5 lọ, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó máa ka ìyókù. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wò ni ẹ̀dà yẹn ti ṣe pàtàkì. Sáfà tí wọ́n ń wò lè jẹ́ ti àtijọ́ jù bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ní Ẹ̀pẹ́ ná

Àlejò kì í wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ní Ẹ̀pẹ́, a kọ́kọ́ ṣẹ̀dá ẹnì kan tí kò lè ṣe ju kó kàwé lọ:

```
CREATE ROLE olukawe LOGIN PASSWORD '...';
GRANT USAGE ON SCHEMA public TO olukawe;
GRANT SELECT ON eja, iwole, ijade TO olukawe;
```

`eja` ni ohun tó wà nílẹ̀, `iwole` ni ohun tó wọlé, `ijade` ni ohun tó jáde. `SELECT` nìkan la fún un: ó lè wò, kò lè fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn èyí, a jẹ́ kí sáfà Ẹ̀pẹ́ máa gbọ́ ohùn láti ìta, nínú fáìlì `postgresql.conf`, a sì kọ àdírẹ́ẹ̀sì Ìkòròdú nìkan sínú `pg_hba.conf`, torí fáìlì yẹn ni ó ń ṣe bí gétímáànù.

Ẹ má ṣí pọ́ọ̀tù 5432 sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Àwa lo VPN láàárín kọ̀ǹpútà méjèèjì, kí ẹni tó ń rìn kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì má bàa rí ilẹ̀kùn náà rárá.

Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ní Ìkòròdú

Ìkíní, ẹ fi irinṣẹ́ náà sí i:

```
CREATE EXTENSION postgres_fdw;
```

Ìkejì, ẹ sọ ibi tí Ẹ̀pẹ́ wà:

```
CREATE SERVER epe
  FOREIGN DATA WRAPPER postgres_fdw
  OPTIONS (host '10.8.0.2', port '5432',
           dbname 'oja', updatable 'false');
```

`updatable 'false'` yẹn, ìlẹ̀kùn kejì ni. Kódà tí ẹnì kan ní Ìkòròdú bá ṣèèṣì fẹ́ pa ìlà kan rẹ́, Ìkòròdú fúnra rẹ̀ á ní rárá.

Ìkẹta, ẹ sọ orúkọ tí Ìkòròdú máa fi wọlé sí Ẹ̀pẹ́:

```
CREATE USER MAPPING FOR CURRENT_USER
  SERVER epe
  OPTIONS (user 'olukawe', password '...');
```

Ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá máa bi tábìlì òkèèrè ní ìbéèrè ní Ìkòròdú ló nílò irú ìlà yìí tirẹ̀. Èyí ló gba ọ̀sán odidi lọ́wọ́ mi: ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ mi, kò ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, àṣé orúkọ tèmi nìkan ni mo fi sí i.

Ìkẹrin ni iṣẹ́ gan-an:

```
CREATE SCHEMA epe_ita;

IMPORT FOREIGN SCHEMA public
  LIMIT TO (eja, iwole, ijade)
  FROM SERVER epe INTO epe_ita;
```

Ó tán. Tábìlì mẹ́ta á jókòó sí Ìkòròdú ní ìṣẹ́jú àáyá.

Ẹ lè béèrè pé kí ni schema yẹn. Ẹ wò ó báyìí: ìlú kan ṣoṣo ni Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n Èkó Ẹ̀pẹ́ wà, Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ sì wà. Ẹni tó ń jẹ́ Yétúndé lè wà ní apá méjèèjì láìjà, torí ẹ ó sọ apá tí Yétúndé tí ẹ ń wá wà. Bí schema ṣe rí nínú dátábéèsì nìyẹn. Ìkòròdú ti ní tábìlì `eja` tirẹ̀ nínú `public`, ti Ẹ̀pẹ́ sì wà nínú `epe_ita`. `public.eja` àti `epe_ita.eja` ò ní fa wàhálà láàárín ara wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe schema ọ̀tọ̀ fún ohun tó bá ti òkèèrè wá. Tí ẹ bá gbé e sínú èyí tó ti ní tábìlì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, gbogbo àṣẹ yẹn á já ní ẹ̀ẹ̀kan náà, kò ní mú ìkankan wọlé.

`LIMIT TO` tàbí `EXCEPT`?

Ọ̀nà méjì ló wà láti yan. `LIMIT TO` ní: àwọn wọ̀nyí nìkan ni kó o mú. `EXCEPT` ní: mú gbogbo rẹ̀, àfi àwọn wọ̀nyí. Tí ẹ ò bá kọ ìkankan, gbogbo rẹ̀ ló máa kó.

Mo fara mọ́ `LIMIT TO`. Nínú tábìlì 31 yẹn, ọ̀kan ní orúkọ àti nọ́ńbà fóònù oníbàárà, òmíràn ní owó oṣù òṣìṣẹ́. Kí ni ṣọ́ọ̀bù fẹ́ fi owó oṣù bùọ̀dá Ẹ̀pẹ́ ṣe? Tí mo bá lo `EXCEPT` lónìí, tí ẹnì kan dá tábìlì gbèsè àwọn ènìyàn sílẹ̀ lọ́la, ìgbà tí mo bá tún mú àpèjúwe wọlé, yóò yọ́ wọlé. Láti 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni àwọn ènìyàn, oníṣòwò kékeré pàápàá yẹ kó mọ̀ pé nọ́ńbà fóònù oníbàárà kì í ṣe ohun tí à ń gbé káàkiri.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa. `LIMIT TO` kì í ṣe kọ́kọ́rọ́. Ó kàn ń sọ àpèjúwe tó wọlé ni. Kọ́kọ́rọ́ gidi ni `GRANT` tí a kọ ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ tiẹ̀ lè mú àpèjúwe tábìlì kan wọlé láìní ẹ̀tọ́ láti ka ohun tó wà nínú rẹ̀: àpèjúwe á jókòó sí Ìkòròdú, ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi í ní ìbéèrè, Ẹ̀pẹ́ á dáhùn pé `permission denied`. Tí ẹ bá rí i, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í tú ti Ìkòròdú palẹ̀. Ẹ̀pẹ́ ni ẹjọ́ wà.

Ohun tó ń wọlé, ohun tí kì í wọlé

Àwọn tó ń wọlé: orúkọ tábìlì, orúkọ kọ́lọ́ọ̀mù, irú ohun tí kọ́lọ́ọ̀mù ń gbà, àti àmì pé kọ́lọ́ọ̀mù kan kò gbọdọ̀ ṣófo.

Àwọn tí kì í wọlé: kọ́kọ́rọ́ tábìlì, ìsopọ̀ láàárín tábìlì kan àti òmíràn, àwọn òfin bíi "páálí ò gbọdọ̀ dín ní òdo", àti índẹ́ẹ̀sì. Ẹ̀pẹ́ ni gbogbo ìyẹn ń gbé, Ẹ̀pẹ́ ló sì ń mú wọn ṣẹ. Ó bọ́gbọ́n mu: onílé ló ń ṣòfin ilé.

Iye àdáwọlé náà kì í wọlé, àfi tí ẹ bá dìídì béèrè rẹ̀ pẹ̀lú `import_default`. Ẹ má kánjú béèrè. Tí nọ́ńbà ìlà ní Ẹ̀pẹ́ bá ń ti ara kántà kan jáde, kántà yẹn kò sí ní Ìkòròdú. Tó bá sì wà, kì í ṣe ọ̀kan náà. Kántà méjì tí ń pín nọ́ńbà fún tábìlì kan, ìjà ló máa dà. Torí náà ni a fi ní kí Ìkòròdú máa wò nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ máa kọ̀wé láti ọ̀nà jíjìn, ó ní láti ronú sí ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yìí kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan ṣì kù: tí olùkọ sọ́fúwíà yín bá ti ṣẹ̀dá irú kọ́lọ́ọ̀mù tirẹ̀, bóyá `iru_eja`, irú náà gbọ́dọ̀ ti wà ní Ìkòròdú kí ẹ tó mú tábìlì tó ń lò ó wọlé. Bí kò bá sí, àṣẹ á já.

Ọjọ́ tí fèrèsé tàn wá jẹ

Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀, torí èmi ni mo jẹ̀bi ọ̀tẹ̀ yìí.

Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún nǹkan bí oṣù méjì. Àǹtí ń yọ̀. Wọ́n ń wo Ẹ̀pẹ́ láti Ìkòròdú, wọ́n ń tajà. Nígbà tó yá, iná lọ ní Ẹ̀pẹ́ fún ọjọ́ méjì gbáko, jẹnẹrétọ̀ sì yọnu, ẹja kan bà jẹ́. Bùọ̀dá ṣe ohun tó yẹ ọmọlúàbí. Ó pe olùkọ sọ́fúwíà lókè òkun, ó ní kó fi kọ́lọ́ọ̀mù kan kún tábìlì `eja`, kó máa jẹ́ `baje`, kí òun lè kọ iye páálí tí kò ṣe é tà mọ́ síbẹ̀ títí wọ́n á fi kó o dànù. Ó kọ 18. Páálí tó wà nínú yàrá jẹ́ 52, nítorí náà 34 ló dáa.

Ìkòròdú rí 52. Kò rí 18.

Kò rí i nítorí pé ọjọ́ tí mo mú àpèjúwe wọlé, kò sí kọ́lọ́ọ̀mù tó ń jẹ́ `baje`. Àpèjúwe tí Ìkòròdú ní, àwòrán ọjọ́ yẹn ni. Àkọsílẹ̀ inú tábìlì ń wá lọ́tun lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n àpèjúwe kì í yí padà fúnra rẹ̀. Kò sì sí àṣìṣe kankan tó yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ká ní ṣe ni wọ́n yí orúkọ `paali` padà, ìbéèrè ìbá já, a ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Kọ́lọ́ọ̀mù tuntun ò kì í pariwo. Ó kàn ń dákẹ́ ni.

Àǹtí ṣèlérí 50 páálí fún ẹnì kan. Ẹ ti mọ ìyókù. "Ìwọ tún ni?" Ìpè kejì fún bùọ̀dá kan náà lórí ẹ̀sùn tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀. Ó ní, "Mà, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀," ohùn rẹ̀ sì ti rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo wà níbẹ̀. Mo ṣí kọ̀ǹpútà Ẹ̀pẹ́, mo rí kọ́lọ́ọ̀mù náà, ìtìjú mú mi. Mo ní, "Àǹtí, ẹ má bá a wí. Èmi ni." Mo sì bẹ bùọ̀dá náà lórí fóònù, lójú gbogbo wọn, torí pé lójú gbogbo wọn ni wọ́n ti bá a wí.

Bí a ṣe ń pa á mọ́ lọ́tun

Tó bá jẹ́ kọ́lọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ló yí padà, ẹ fi kún un, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ:

```
ALTER FOREIGN TABLE epe_ita.eja ADD COLUMN baje integer;
```

Tó bá jẹ́ ohun púpọ̀ ló yí padà, ẹ tú u, kí ẹ sì tún un mú wọlé, ṣùgbọ́n ẹ ṣe é nínú àpò kan, kó lè jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ yọrí tàbí kí ìkankan má ṣẹlẹ̀:

```
BEGIN;
DROP SCHEMA epe_ita CASCADE;
CREATE SCHEMA epe_ita;
IMPORT FOREIGN SCHEMA public
  LIMIT TO (eja, iwole, ijade)
  FROM SERVER epe INTO epe_ita;
COMMIT;
```

Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já láàárín, ti àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún `CASCADE` o: gbogbo ìròyìn tí ẹ ti kọ́ sórí àwọn tábìlì yẹn ló máa bá a lọ, àti ẹ̀tọ́ tí ẹ ti fún àwọn ènìyàn láti kà á. Ẹ fi àṣẹ tó ń tún wọn ṣe sínú fáìlì kan náà, kó tó kan `COMMIT`.

Ṣùgbọ́n báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé nǹkan ti yí padà? PostgreSQL kọ àpèjúwe gbogbo kọ́lọ́ọ̀mù rẹ̀ sínú ibì kan tó ń jẹ́ `information_schema.columns`. Ẹ lè mú ìyẹn náà wọlé láti Ẹ̀pẹ́:

```
CREATE SCHEMA epe_wo;
IMPORT FOREIGN SCHEMA information_schema
  LIMIT TO (columns) FROM SERVER epe INTO epe_wo;
```

Lẹ́yìn náà, láràárọ̀, ẹ fi ti Ẹ̀pẹ́ wé tiyín:

```
SELECT table_name, column_name FROM epe_wo.columns
 WHERE table_schema = 'public'
   AND table_name IN ('eja', 'iwole', 'ijade')
EXCEPT
SELECT table_name, column_name FROM information_schema.columns
 WHERE table_schema = 'epe_ita';
```

Tí ìdáhùn bá ṣófo, ẹ máa tajà lọ. Tí `eja, baje` bá yọ, ẹ mọ̀ pé Ẹ̀pẹ́ ti fi ohun tí ẹ ò tíì rí kún un. Àwa ń ṣe é ní aago mẹ́fà àárọ̀, kí ṣọ́ọ̀bù tó ṣí.

Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá sí ńkọ́?

Olùgbọ́ kan á ní, ṣebí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ níjọ́ kìíní. Òótọ́ ni. Tí Ẹ̀pẹ́ bá wà nínú òkùnkùn, tábìlì òkèèrè ò ní dáhùn, àṣìṣe ló máa fún yín. Mo fara mọ́ àṣìṣe yẹn ju irọ́ lọ, ṣùgbọ́n oníbàárà ò fẹ́ gbọ́ àṣìṣe. Nítorí náà a tún ṣe ẹ̀dà, àmọ́ ẹ̀dà tó ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀:

```
CREATE MATERIALIZED VIEW eja_to_ku AS
SELECT oruko, paali - coalesce(baje, 0) AS to_dara,
       now() AS asiko
  FROM epe_ita.eja;
```

Ẹ̀dà yìí náà wà lára ohun tí `CASCADE` máa wó, kí ẹ má gbàgbé láti fi í sínú fáìlì yẹn. Ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kọ̀ǹpútà á ṣe `REFRESH MATERIALIZED VIEW eja_to_ku`. Tí ìyẹn bá já, ti tẹ́lẹ̀ ṣì wà, àkókò rẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù á sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, aago méjì la rí èyí kẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí n pe Ẹ̀pẹ́ kí n tó gba owó yín." Ká ní gbólóhùn yẹn wà ní Sátidé ìjọsí, kò bá má sí ẹjọ́.

Ọ̀rọ̀ kan lórí dátà: ẹ béèrè ohun tí ẹ fẹ́ nìkan. Tí ẹ bá ní `WHERE oruko = 'aro'`, Ìkòròdú á fi ìbéèrè náà ránṣẹ́ sí Ẹ̀pẹ́ bẹ́ẹ̀, ìlà àrọ̀ nìkan ló sì máa bọ̀. Tí ẹ bá ní kó kó gbogbo `ijade` wá, ó máa kó gbogbo rẹ̀, ìlà 100 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, lórí dátà tí ẹ fowó rà.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹja nìkan

Ọ̀rọ̀ yìí tóbi ju kóòdù rúùmù kan lọ. DHIS2 tí Nàìjíríà ń lò fún àkọsílẹ̀ ètò ìlera, tí iṣẹ́ rẹ̀ ti Yunifásítì Oslo ní Norway wá, orí PostgreSQL ló jókòó sí. Ní 2022, kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ tó wà ní Noforija l'Ẹ̀pẹ́ àti èyí tó wà ní Ọ̀tọ̀-Ìjànikin di yunifásítì ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Níbikíbi tí ilé méjì bá ti di ọ̀kan, ìwé méjì ló ń pàdé, ìbéèrè àkọ́kọ́ sì ni: ṣé orúkọ kan náà lẹ̀ ń pe nǹkan yìí? Àpèjúwe tábìlì ló máa dáhùn. Tó bá sì jẹ́ MySQL tàbí Oracle ló wà lódì kejì, `mysql_fdw` àti `oracle_fdw` wà, àwọn náà gba `IMPORT FOREIGN SCHEMA`.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ kò pọ̀. Àkọsílẹ̀ tuntun pẹ̀lú àpèjúwe àtijọ́ ṣì lè parọ́. Ẹ̀tọ́ ń ti ọ̀dọ̀ onílé wá. Àti pé kí ẹ tó pe ẹnì kan lólè nítorí ohun tí kọ̀ǹpútà sọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà náà: ìgbà wo lo rí i kẹ́yìn?

Bùọ̀dá ṣì wà ní Ẹ̀pẹ́. Àǹtí ti fi owó kún owó oṣù rẹ̀. N kò rí iye rẹ̀ láti Ìkòròdú, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Tí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa bí ẹ ṣe máa ń ṣe, a ó fi sínú ètò. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Ire o.